Géètì onípáńkó wa ti ń wọ́lẹ̀: níbo la ti ṣìṣe?

Onílé Akóbọ̀
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Akóbọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu sí ojú títì. Ibẹ̀ ni màmá mi ti máa ń ṣa ẹ̀fọ́, tí wọ́n sì ń sá aṣọ. Wọ́n ní àwọn kò lè máa jókòó nínú ilé ara àwọn bí ẹni tó pàtẹ sọ́jà. Lèmi àti àbúrò mi ọkùnrin bá lọ ra páńkó ní Bódìjà, a ri òpó méjì mọ́lẹ̀, a sì kan géètì fúnra wa. Ẹsẹ̀ bàtà 4 ni ìbú rẹ̀, 6 ni gíga rẹ̀. Tú-báì-fọ́ọ̀, ìyẹn igi oní-íǹṣì 2 sí 4, la fi ṣe férémù, a sì tún kan igi kan mọ́ ọn lẹ́yìn láti igun dé igun.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ń pa dé wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò pé oṣù kan tí apá ibi kọ́kọ́rọ́ fi wá sílẹ̀. Ó ti ha ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sìmẹ́ǹtì, ojú ibi tó ń gbà ti funfun bí ẹni fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Ọwọ́ méjèèjì ni màmá fi ń gbé e sókè kó tó pa dé, ìyẹn ló sì dùn mí jù, torí tiwọn ni mo ṣe ṣe é. Àbúrò mi ní ká ra híńjì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé híńjì ni?

Káfíńtà Mọ́kọ́lá
Àǹtí mi, ẹ kú làálàá. Ẹ má tíì náwó sórí híńjì. Igi tó lọ láti igun dé igun yẹn, níbo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà? Ṣé apá híńjì ni àbí apá kọ́kọ́rọ́?

Onílé Akóbọ̀
Apá kọ́kọ́rọ́ ni, sà. Orí rẹ̀ ló wà lápá híńjì.

Káfíńtà Mọ́kọ́lá
Ohun tó ṣe é nìyẹn. Ẹ̀yin náà ẹ wo bá a ṣe ń fi igi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá so: ẹsẹ̀ igi á fìdí múlẹ̀, orí rẹ̀ á gbé ẹrù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti géètì. Kí ẹsẹ̀ igi wà nísàlẹ̀ lápá híńjì, kí orí rẹ̀ lọ ti igun òkè lápá kọ́kọ́rọ́. Bó ṣe wà báyìí, kò ti nǹkan kan, ìṣó nìkan ló ń fa gbogbo ẹrù yẹn. Tó bá jẹ́ wáyà lẹ fẹ́ lò ni ẹ ó fi sí ibi tí igi yín wà yẹn, torí wáyà ló mọ fífà.

Ẹ ki igi sábẹ́ apá kọ́kọ́rọ́ títí géètì á fi tọ́, kẹ́ ẹ tó tú ti àtijọ́. Kí igi tuntun wọ igun méjèèjì dáadáa, kó má ṣe sí àlàfo. Sùkúrúù ni kẹ́ ẹ fi dè é, kì í ṣe ìṣó. Híńjì mẹ́ta sàn ju méjì lọ fún gíga yẹn. Ẹ sì ti òpó wò, bóyá ó ń mì.

Ìyá Ọjọ́ọ̀
Ẹ fi àyè tó ìka kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì náà o. Lójò, páńkó á wú. Tèmi há gádígádí lóṣù Agẹmọ, à ń fi ẹsẹ̀ ta á ká tó jáde. Ẹ má sì jẹ́ kí ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀, torí ikán.

Onílé Akóbọ̀
Ẹ ṣeun gan-an ni. A tún un ṣe ní Sátidé. Ìgbà tá a tú igi àtijọ́ la rí i pé ìṣó òkè ti yọ, orí ìka mi wọ inú àlàfo náà. Màmá ti ń fi ọwọ́ kan pa á dé, wọ́n sì ní kí n kí Káfíńtà. Àmọ́ òpó ń mì díẹ̀. Ṣé ihò ẹsẹ̀ bàtà 2 tó?

Káfíńtà Mọ́kọ́lá
Ó tó, àǹtí mi. Kọnkéré tẹ́ ẹ máa dà sídìí òpó: ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, òkúta 4, kí omi má pọ̀ jù. Ẹ gbé géètì kúrò lára òpó ná, kó di ọjọ́ 7 kẹ́ ẹ tó gbé e kọ́.