Àtè kọ́ ni gọ́ọ̀mù: èsì sí àbá ọ̀rọ̀ mẹ́ta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe gọ́ọ̀mù igi ní "àtè", kí ohun tí a fi ń parí ojú igi jẹ́ "ìmúdán", kí àwọn ègé igi tí a ń tò wọnú ara wọn fún eré sì máa jẹ́ "àdììtú". Ẹ̀gbọ́n tó dá àbá náà ṣeun, àmọ́ mi ò lè gbà á bẹ́ẹ̀.

Kí ni apẹyẹ ń fi àtè ṣe? Ó ń fi í sára ẹ̀ka kí ẹyẹ bà lé e, kó lẹ̀ mọ́ ọn. Bí àtè bá gbẹ, iṣẹ́ bàjẹ́. Ti káfíńtà wá rèé, bí kò bá gbẹ ni iṣẹ́ bàjẹ́. Gọ́ọ̀mù funfun tí gbogbo wa mọ̀, omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò kó tó mú igi, òun la ṣe ń de iṣẹ́ pinpin mọ́jú. Súpà gúlù ní tirẹ̀, ọ̀rinrin ló ń mú un le. Ẹ fi àtè sílẹ̀ fún sẹ̀lótéèpù. "Gọ́ọ̀mù" ti di Yorùbá tipẹ́; ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lè wí pé "àlẹ̀mọ́".

"Ìmúdán" ló dùn mí jù. Mo fi igi arère ṣe ọ̀kan nínú àwọn ègé eré tí mo wí yẹn, irú èyí tí igi mẹ́fà ń gba inú ara wọn kọjá. Wẹ́rẹ́ ló ń wọlé. Mo wá fi fáníṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ó dán bíi dígí, kò sì sẹ́ni tó rí i tò mọ́! (Ọ̀rinrin òjò náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀, mi ò ní purọ́.) Awọ ni fáníṣì ń dì sára igi, awọ yẹn ló jẹ àlàfo tín-ín-rín tí mo fi sílẹ̀. Òróró kì í ṣe bẹ́ẹ̀, inú igi ló ń wọ̀ lọ. Ìda oyin á sì jẹ́ kí ègé máa yọ̀ lára ègé. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dán. Ṣé a óò wá pè wọ́n ní ìmúdán? Ọ̀rọ̀ méjì la nílò: fáníṣì fún èyí tó ń di awọ, "ìpara igi" fún òróró àti ìda. Ṣebí bí òrí ṣe ń wọ ara ọmọ náà nìyẹn. Ẹni tó bá ní "ara" ti wà nínú ìpara, igi náà ní ara.

Àdììtú ni ohun tí a dì tí kò ṣeé tú. Eléyìí, títú ni adùn rẹ̀. "Àtúntò" ì bá dáa, àwọn olóṣèlú ti gbé e lọ. Ẹ wo "àtútò": à ń tú u, à ń tò ó.

Ó ku gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi awọ ẹran sè. Ooru àti omi máa ń tú u, ìdí tí àwọn tó ń ṣe fayolíìnì fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, torí wọ́n lè ṣí i láti tún un ṣe. Ṣé "àlẹ̀tú" á bá a mu, àbí ó ti jọ orúkọ oògùn jù?