Ọ̀rẹ́ tí ojú kò rí: ẹ sọ ti àwọn ọmọ yín

Ìyá Àbúrò:
Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin mi ni mo gbé wá. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ó sì ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Kúńkú. Kò sẹ́ni tó rí Kúńkú rí nílé wa àfi òun nìkan. Kúńkú ò fẹ́ ariwo, inú máa ń tètè bí i, ìrù rẹ̀ sì gùn débi pé a gbọ́dọ̀ rọra máa ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan bàbá rẹ̀ kàn fìdí lé àga báyìí, ọmọ figbe ta: "Dádì, ẹ ti jókòó lé Kúńkú!" Bàbá ta gìrì dìde, ó ń bẹ àga pé kó má bínú. Ọmọ wò ó títí, ó wá rọra sọ fún un pé, "Dádì, ẹ ṣáà mọ̀ pé eré ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, pé ọmọ tó ń dá sọ̀rọ̀, nǹkan ń ṣe é ni. Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí?

Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi:
Kò sí nǹkan tó ń ṣe é, Mọ́mì. Marjorie Taylor, onímọ̀ ìhùwàsí ní Yunifásítì Oregon l'Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2004. Wọ́n rí i pé bí ọmọ 65 nínú 100 ló ti ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ rí kí wọ́n tó kọjá ọmọ ọdún 7. Bèbí tí ọmọ sọ di ẹni tó lórúkọ, tó sì níwà tirẹ̀, wà lára ohun tí wọ́n kà. Ohun tí ọmọ yín sọ fún bàbá rẹ̀ yẹn, mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọmọ púpọ̀. Wọ́n mọ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ni ká má gba eré lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọkùnrin kan kó sínú páálí ní kíláàsì mi, ó ní ọkọ̀ ni. Ẹnì kan nínú àwa olùkọ́ bi í pé táyà rẹ̀ dà. Ọmọ ronú díẹ̀, ó ní, "Ọkọ̀ ò sáré. Ilẹ̀ ló ń sáré lábẹ́ rẹ̀." Ká ní a ti bá a gé táyà lẹ̀ mọ́ ọn ni, a ò ní gbọ́ ìyẹn láéláé. Páálí, aṣọ tó ti gbó, ìdérí ìkòkò, ó ti tó wọn. Ohun ìṣeré tó ń dá kọrin, tó ń dá rìn, kí ló kù tí ọmọ fẹ́ ṣe sí i?

Bàbá Oníbéèrè:
Èmi ò gbà. Irọ́ ni ẹ ń fi kọ́ ọmọ. Tèmi ní àǹjọ̀nú wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Mo tan iná, mo kó gbogbo aṣọ sílẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó gbà pé kò sí nǹkan kan. Mo pa iná, ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ wá bu omi sínú ike, ó ń fín in káàkiri pé oògùn àǹjọ̀nú ni. Mo ní ìwọ náà ti jẹ́rìí sí i nìyẹn!

Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi:
Ti omi yẹn, mo wà lẹ́yìn yín, sà. Ṣùgbọ́n àlàyé nìkan ò lè ṣẹ́gun ẹ̀rù. Lọ́dún 1991, Paul Harris, onímọ̀ ìhùwàsí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní England ní kí àwọn ọmọ ọdún 4 àti 6 fojú inú wo ẹ̀dá kan nínú àpótí tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ náà mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ ní tòótọ́. Síbẹ̀, nígbà tí olùwádìí fẹ́ jáde, àwọn kan nínú àwọn ọlọ́dún 4 tó fojú inú wo abàmì ò fẹ́ kó lọ. Ẹ bi ọmọ yín pé kí ni àǹjọ̀nú yẹn fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù. Òun ló dá a, òun ló mọ bí yóò ṣe lé e.

Ìyá Àgbà:
Ẹ jẹ́ n dá sí i. Èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ hùmọ̀, kì í ṣe irọ́. Àgbà tó ń fi iwin dẹ́rù ba ọmọ kó lè tètè sùn ló ń parọ́, èmi ò sì fẹ́ ẹ nílé mi. Bí ọmọ bá wò mí lójú tó bi mí pé "ṣé òótọ́ ni?", òótọ́ ni mo máa sọ.

Mo máa ń fa bọ́tìnnì yọ lẹ́yìn etí àwọn ọmọ-ọmọ mi. (Ẹ má fi bọ́tìnnì sílẹ̀ níbi tọ́wọ́ ìkókó lè tó o, ẹnu ló ń lọ.) Èyí àbúrò ní idán ni. Èyí ẹ̀gbọ́n, tó ti lé lọ́dún márùn-ún, di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n ká apá aṣọ mi sókè! Nígbà tó rí ọgbọ́n ibẹ̀, kò tú àṣírí mi. Ó ní kí n kọ́ òun ni, kóun náà lè fi pa àbúrò òun lẹ́rìn-ín. Bọ́tìnnì ń yọ láàárín ìka rẹ̀ kedere, àbúrò ṣáà ń pariwo pé "tún un ṣe!"

Bàbá Oníbéèrè:
Màmá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mú bọ́tìnnì yẹn pa mọ́ tí kì í já bọ́? Ìyẹn kì í ṣe irọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ni.