Ilé-ìwé ní kí ọmọ “lọ fara balẹ̀ nílé”: ṣé wọ́n ti lé e nìyẹn?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí tó wà ní England. Tí ilé-ìwé bá pe òbí láago mọ́kànlá àárọ̀ pé kó wá mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé títí di Mọ́ńdè, tí wọn ò fún un ní ìwé kankan, kí là ń pe ìyẹn lójú òfin?

Olùkọ́ Àgbà: Wọ́n ti lé e, àmọ́ bí wọ́n ṣe lé e kò bófin mu, kódà kí òbí gbà bẹ́ẹ̀. Oríṣi méjì péré ni òfin mọ̀: ìdádúró, tí kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 45 lọ lápapọ̀ nínú ọdún ẹ̀kọ́ kan, àti lílé pátápátá. Ọ̀gá ilé-ìwé ló láṣẹ rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí òbí láìjáfara: ìdí rẹ̀, iye ọjọ́, àti bí òbí ṣe lè bá ìgbìmọ̀ alákòóso ilé-ìwé sọ ọ́.

Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ lónìí: “Ṣé ẹ dá ọmọ mi dúró ni? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ lẹ́tà.” Kí ẹ tún béèrè ẹ̀dà rẹ́jísítà ọjọ́ náà. Ẹni tí wọ́n dá dúró, E ni wọ́n ń kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá bá I níbẹ̀, àìsàn nìyẹn o! Ẹ tọ́jú ẹ̀dà yẹn dáadáa.

Bàbá Tóbi: Ọjọ́ ni ẹ máa ṣọ́ jù. Ọjọ́ tí ilé-ìwé bá ṣí nìkan là ń kà. Fún ọjọ́ 5 àkọ́kọ́, ilé-ìwé ló ń fún ọmọ níṣẹ́ ṣe, tí wọ́n á sì máàkì í. Ẹ má jẹ́ kó máa rìn kiri ìta lákòókò ilé-ìwé, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé yín. Láti ọjọ́ kẹfà, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ibòmíì tí á ti máa kàwé. Tó bá jẹ́ lílé pátápátá, káńsù ló ń wá a.

Lílé pátápátá yìí, ìgbìmọ̀ alákòóso gbọ́dọ̀ jókòó lé e lórí láàárín ọjọ́ 15. Tí wọn ò bá dá ọmọ padà, ẹ ní ọjọ́ 15 láti béèrè ìgbìmọ̀ atúnyẹ̀wò. Ìyẹn lè fagi lé ìpinnu wọn kó ní kí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò, àmọ́ kò lè fipá mú wọn gba ọmọ padà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an. Tí wọ́n bá wá ní kí òbí fọwọ́ síwèé pé òun á máa kọ́ ọmọ nílé ńkọ́, kí lílé má bàa sí lákọsílẹ̀?

Olùkọ́ Àgbà: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ẹ̀yin lẹ mú ọmọ kúrò nìyẹn, gbogbo ìgbẹ́jọ́ tí Bàbá Tóbi kà sílẹ̀ yẹn ò sí mọ́.

Ìdí tí wọ́n ń kọ jù ni pé ọmọ ń da kíláàsì rú léraléra. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ní ADHD (ìṣòro àìlèfọkàn sí nǹkan àti àìlèjókòó jẹ́ẹ́) tàbí autism (kí ọpọlọ máa ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀) tí ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ̀ wò. Ẹ bi wọ́n pé: ìrànlọ́wọ́ wo lẹ ti ṣe fún un, lọ́jọ́ wo? Tí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ atúnyẹ̀wò, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín pé ẹ fẹ́ onímọ̀ nípa àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò lè fi dù yín torí pé ilé-ìwé ní nǹkan kan ò ṣe ọmọ náà.