Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n kówó sí Plug Power?

Ayọ̀ Houston: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará mi. Mo ní 3,000 dọ́là tí mo tù jọ, ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ wá ní kí n kó gbogbo ẹ̀ sí ṣíà (ìpín nínú ilé-iṣẹ́) Plug Power, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ háídírójìn fún forklift, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù, Amazon àti Walmart. Ó ní short seller, àwọn tó ń retí kí ṣíà wálẹ̀ kí wọ́n lè jèrè, ti pọ̀ lórí ẹ̀, pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sá, owó á fò sókè. School fees ọmọ mi sì ń bọ̀ ní September. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí i.

Ìyá Ìbejì: Ayọ̀ ọmọ mi, má fọwọ́ kan owó ilé ìwé. January 2021 ṣíà yẹn kọjá 70 dọ́là, nígbà tó fi máa di May 2025 kò tó dọ́là kan mọ́.

Akáǹtì Ìbàdàn: Ká fi short seller sílẹ̀ ná, owó tó ń wọlé fún wọn ni ká wò. Láti 1997 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ wọn ò jèrè lọ́dún kan rí. November 2023 àwọn fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ò dá a lójú pé owó ọwọ́ àwọn á gbé àwọn dé ọdún kan, nígbà tó di January 2024 wọ́n kéde pé àwọn á máa ta ṣíà tuntun díẹ̀díẹ̀ sọ́jà títí á fi pé bílíọ̀nù kan dọ́là. Bí èèyàn mẹ́wàá bá jọ ni dánfó kan, tí owó epo wá tán tẹ́ ẹ ní kí mẹ́wàá míì dá sí i, dánfó yẹn ò tóbi sí i o, ìpín tìẹ ló di ìdajì.

Kúnlé Peckham: Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ oníbàárà wọn kì í ṣe irọ́, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 1.66 bílíọ̀nù fún wọn ní January 2025. Ẹ rántí Tesla, àwọn short seller tó ní ṣíà ẹ̀ máa ṣubú, 2020 tó gòkè ni wọ́n pàdánù owó rẹpẹtẹ.

Akáǹtì Ìbàdàn: Àbúrò, Plug Power fúnra ẹ̀ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí ẹ̀yáwó yẹn ní November 2025. Short seller ń yá ṣíà oníṣíà tà lọ́wọ́n, ó ń retí kó wálẹ̀ kó rà á padà ní pọ́ọ́kú, tó bá wá gòkè mọ́ ọn lọ́wọ́ òun náà á sáré rà, ohun tí ọ̀rẹ́ Ayọ̀ ń retí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá gòkè gan-an ni ilé-iṣẹ́ tówó ń tán lọ́wọ́ ẹ̀ lè ta ṣíà tuntun, gbogbo gíga yẹn sì lè tún wálẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Kì í sì í ṣe gbogbo short seller ló ń parọ́. September 2020 Hindenburg, ilé-iṣẹ́ short seller kan, sọ pé ọkọ̀ akẹ́rù tí ilé-iṣẹ́ Nikola fi hàn nínú fídíò ń yí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ ni, pé kò dá rìn, àwọn èèyàn bú Hindenburg. February 2025 Nikola lọ sí kóòtù pé àwọn ò lè san gbèsè mọ́.

Ayọ̀ Houston: Ẹ ṣé gan-an màmá, ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n. Mo ti kó 2,800 lọ sí báńkì fún school fees. 200 tó kù ńkọ́?

Akáǹtì Ìbàdàn: Dúró kí ìròyìn owó oṣù mẹ́ta wọn tó ń bọ̀ jáde. Wo iye owó tó kù lọ́wọ́ wọn, wo iye ṣíà tó ti wà níta, kó o tó rà á.