Ṣé aláṣehàn ni wọ́n ni, àbí òpìdán?

Ẹ̀gbọ́n kan dábàá pé kí á máa pe àwọn tó ń fi alùpùpù fò kọjá lórí bọ́ọ̀sì ní “aláṣehàn”. Ẹlòmíràn ní rárá o, “òpìdán” ló yẹ wọ́n. Èmi kò fara mọ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ̀bi ti wà nínú àṣehàn. Ẹni tí a bá pè bẹ́ẹ̀, a ti dájọ́ fún un kí ó tó ṣáná sí alùpùpù rẹ̀.

Evel Knievel ará Amẹ́ríkà ni gbogbo wa ń tọ́ka sí, ẹ jẹ́ ká kúkú wò ó dáadáa. Aṣọ funfun oníràwọ̀, ẹnu dídùn: ṣekárími gidi ni. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá 1967, ó fò lórí omi tó ń tú sókè níwájú òtẹ́ẹ̀lì Caesars Palace ní Las Vegas. Ó ṣubú, eegun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, ìṣubú yẹn gan-an ló sì sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Ó tún ṣubú ní pápá ìṣeré Wembley ní London lọ́dún 1975, lórí bọ́ọ̀sì 13. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ó fò lórí bọ́ọ̀sì 14 ní Kings Island, ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Ohio, ó sì balẹ̀ láìṣubú. Alùpùpù Harley-Davidson XR-750 ló gùn nígbà méjèèjì yẹn, irin wúwo tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tí ọ̀kadà bá ti gbé já sí kòtò rí mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ìdí. Ṣé àṣehàn nìyẹn?

Ti Snake River ní 1974, níbi tó ti fẹ́ fò kọjá àfonífojì odò, yàtọ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ooru omi ń tì ló wọ̀. Páráṣúùtì ti ṣí kó tó gbéra tán, atẹ́gùn sì gbé e padà sínú àfonífojì. Kò sóhun tí ọwọ́ rẹ̀ rí ṣe sí i. Mo gbà, àṣehàn lèyí.

Òpìdán sún mọ́ ọn, torí òpìdán eégún aláré náà ń tàkìtì. Àmọ́ idán, ohun tí a kì í rí ìdí rẹ̀ ni. Pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n ń gùn fò wà ní gbangba; bí eré bá dín díẹ̀, gbogbo èrò ló máa rí i.

“Afalùpùpùfò” ni mo mú wá. Ó gùn lẹ́nu, “apanilẹ́rìn-ín” náà kò ṣáà kúrú. Travis Pastrana, tó fi alùpùpù tàkìtì ẹ̀ẹ̀mejì lófurufú ní 2006, wọ aṣọ funfun bíi ti Knievel ní Las Vegas ní 2018. Ó fò lórí ọkọ̀ 52, bọ́ọ̀sì 16 àti omi Caesars lálẹ́ ọjọ́ kan, kò ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ̀gbọ́n wá fi “aláṣehàn” pe ìyẹn kí n gbọ́.