Àdìrẹ, aṣọ aláwọ̀ ewé àti iná jẹnẹrétọ̀: kí ló ń ba fídíò yìí jẹ́?

Ìsàlẹ̀_Olúmọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Fídíò oníṣẹ́jú méjì ni mo fẹ́ yà nínú yàrá níbí ní Abẹ́òkúta. Ẹnìkan tó wọ àdìrẹ á dúró síwájú aṣọ aláwọ̀ kan ṣoṣo, màá yọ aṣọ yẹn kúrò, màá wá fi àpáta Olúmọ sẹ́yìn rẹ̀. Lórí aṣọ búlúù, àdìrẹ ń bá aṣọ lọ, ara ẹni náà wá ń jò bí ajere. Lórí aṣọ aláwọ̀ ewé tó ń dán, àwọ̀ ewé ń yọ ní etí irun àti apá, àárín aṣọ sì mọ́lẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Tí jẹnẹrétọ̀ bá wà lórí, ìlà dúdú á máa rọra gun fídíò lọ sókè. Fóònù Android ni mo ní, gílóòbù LED méjì, yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12. Ṣé áàpù ni kí n pààrọ̀ àbí iná?

Iná_Lójú

Iná ni. Ó ṣòro fún áàpù láti yọ aṣọ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìlà dúdú yẹn, torí tí ẹ bá ti yà á tán, ó ṣòro láti pa á rẹ́.

Iná NEPA wa, 50 Hz ni, ìyẹn ni pé ó ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pọ̀ gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú máa ń mọ́ tí wọ́n á tún ṣú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú wa ò rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà fóònù kì í ka àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló ń kà á ní ìlà-ìlà, ìlà tó bọ́ sí àkókò tí iná ṣú ló ń dúdú yẹn. Ẹ ti shutter (àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ sínú àwòrán kọ̀ọ̀kan) mọ́ 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú-àáyá, kí gbogbo ìlà lè gba ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kan náà, yálà 25 fps (àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) lẹ ń yà tàbí 30 fps. 1/60 ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Tó bá jẹ́ 60 fps, 1/50 ò ṣeé ṣe, 1/100 ló kù.

Ti jẹnẹrétọ̀ ló le. Púpọ̀ nínú àwọn kékeré tí a ń lò nílé gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 3,000 géérégé ní ìṣẹ́jú kan kí iná wọn tó jẹ́ 50 Hz. Tí ẹrù bá fúyẹ́ lórí ẹ̀, ó máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹnìkan bá tan áyọ́ọ̀nù, ó rẹlẹ̀. Kò sí shutter tí ẹ máa yàn tó máa bá a mu títí. Iná LED oníbátìrì tàbí ti power bank ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tàn án dé òpin: tí ẹ bá dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, púpọ̀ nínú wọn máa ń tàn, wọ́n á tún kú, kíákíá-kíákíá, ìlà yẹn á sì padà dé.

Ẹ lo áàpù Open Camera, kò gba owó. Ẹ ti exposure (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) àti white balance (bí kámẹ́rà ṣe ń ka àwọ̀ funfun) mọ́ ojú kan kí ẹni náà tó wọlé, kí ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀ tó gbà) má kọjá 400. Ẹ ya ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ẹ wò ó kí ẹ tó ní kí ẹnikẹ́ni múra. Tí inú yàrá bá sú yín, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ bọ́ sí abẹ́ ìbòji níta.

Aláró_Ìtòkú

Àdìrẹ aláró àti aṣọ búlúù ò lè jọ gbé. Àwọ̀ ewé ni kí ẹ dúró lé. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, ojú tó ń gba àwọ̀ ewé pọ̀ ní ìlọ́po méjì ti pupa tàbí ti búlúù, ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi máa ń mọ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: kàm̀pálà tó kún Ìtòkú báyìí, àwọ̀ ewé pọ̀ nínú ẹ̀. Tí aró àti ewé bá jọ wà lára aṣọ kan náà, ẹ jẹ́ kí ẹni yẹn pààrọ̀ aṣọ. Kò sí ọgbọ́n míì tó tó bẹ́ẹ̀.

Aṣọ tó ń dán yẹn, ẹ fi rán ìbòrí. Aṣọ òwú (cotton) aláwọ̀ ewé tí kò dán ni ẹ nílò. Tí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ínṣì 45, ẹ ra yáàdì mẹ́fà, ẹ gé e sí mẹ́ta-mẹ́ta, kí télọ̀ so méjèèjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìyẹn á fẹ̀ tó mítà méjì àti díẹ̀, ó tó láti orí dé orúnkún. Ẹ lọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ fi klíìpì fà á le ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo ibi tó bá wú tàbí tó ká, òjìji ni.

Àwọ̀ ewé etí irun yẹn, aṣọ ló ń ta á sí ẹni náà lára torí ó sún mọ́ ọn jù. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sáàárín wọn, ó kéré tán márùn-ún. Gílóòbù méjèèjì, aṣọ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Fèrèsé ni iná ẹni náà. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ gbé fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣàn dúró kó máa dá ìmọ́lẹ̀ padà.

Fídíò_Pẹ́lẹ́

Mi ò gba ti ìta yẹn. Atẹ́gùn á máa mi aṣọ, koríko àti igi náà á tún máa ta àwọ̀ ewé sí èèyàn lára.

Ẹ ya fídíò ní 4K, kẹ́ ẹ gbé e jáde ní 1080p, tó jẹ́ ìdajì 4K ní fífẹ̀ àti ní gíga. Fóònù máa ń pa àwọ̀ pọ̀: píksẹ̀lì (ẹyọ tóótó inú àwòrán) mẹ́rin ló ń pín àwọ̀ kan. Tí ẹ bá wá rọ 4K sí 1080p, píksẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á ní àwọ̀ tirẹ̀, etí irun á sì mọ́. Ẹ kọ́kọ́ gba inú HandBrake (ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí fídíò padà) kọjá, ẹ yan Constant Framerate, torí fps fóònù kì í dúró sójú kan. Ohùn àti ẹnu lè yapa kó tó di ìparí.

Lórí kọ̀ǹpútà, ètò àtúnṣe fídíò DaVinci Resolve ọ̀fẹ́ tó. Lórí fóònù, chroma key (irinṣẹ́ tó ń yọ àwọ̀ kan kúrò) inú áàpù KineMaster. Ẹ kọ́kọ́ fi mask (ìlà tí ẹ fà yí ibi tí ẹ fẹ́ dá sí ká) gé ohun gbogbo tó wà lẹ́yìn etí aṣọ dànù. Ibi tó sún mọ́ ojú ẹni náà ni kí ẹ ti mú àwọ̀ ewé, kì í ṣe igun. Nínú Resolve, ẹ wo matte (àwòrán tó ń fi ibi tó máa kù àti ibi tó máa lọ hàn) ní dúdú òun funfun: ara gbọ́dọ̀ funfun pátápátá, ẹ̀yìn kó dúdú pátápátá. Lẹ́yìn náà ni despill (yíyọ àwọ̀ ewé tó ta sí ara), kẹ́ ẹ sì gé etí wọlé ní píksẹ̀lì kan. Ẹni tó bá gé ju méjì lọ ti ń gé irun èèyàn.

Fún Olúmọ, ẹ gbé kámẹ́rà sí gíga kan náà tí ẹ máa lò nínú yàrá, lẹ́ǹsì kan náà, láìsún un mọ́ ìtòsí. Ẹ ya fídíò lórí tripod dípò fọ́tò, kí ewé lè máa mì. Tí oòrùn bá ti òsì wá níbẹ̀, kí fèrèsé wà lósì nílé. Ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ hàn.

Ìsàlẹ̀_Olúmọ

Ẹ ṣeun gan-an. Máìkì tí mo ń so mọ́ ọrùn aṣọ ò gba ohùn nígbà tí mo fi sí fóònù, ó sì ń ṣiṣẹ́ lára kámẹ́rà. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Iná_Lójú

Ẹ ka òrùka dúdú ẹnu wáyà rẹ̀. Méjì jẹ́ ti kámẹ́rà, mẹ́ta jẹ́ ti fóònù. Tó bá jẹ́ méjì, ẹ ra wáyà kékeré tó ń yí TRS (ẹnu olórùka méjì) sí TRRS (olórùka mẹ́ta). Kẹ́ ẹ sì tún wo Open Camera, kó máà jẹ́ máìkì inú fóònù lẹ yàn níbẹ̀.