Ọjọ́ iṣu tuntun: àlejò ń pọ̀ sí i, báwo ni ará ìlú ṣe máa rí oorun sùn?

Ọmọ Ìjùmú:
Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Ìlú wa kò tóbi. Ọ̀nà ọ̀dà kan ṣoṣo ló la àárín rẹ̀, kànga dẹ̀rọ mẹ́rin ni gbogbo wa sì ń pọn. Ọjọ́ iṣu tuntun tó jẹ́ ti ọmọ onílé tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń wá wò láti Lọ́kọ́ja, Àbújá àti Èkó. Owó ń wọlé lóòótọ́, àmọ́ mọ́tò ń dí ẹnu ọ̀nà onílé, sípíkà ń dún mọ́jú, wọ́n ń tọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, omi kì í sì í tó. Àwọn àgbà ní kí á dín in kù, àwọn ọ̀dọ́ fárí gá. Bí àlejò bá tó 2,000, kí ni kí á kọ́kọ́ mú? Ohun tó ṣeé ṣe ni mo ń bèèrè o, kì í ṣe gírámà.

Ẹlẹ́lùbọ́ Kábà:
Ṣáláńgá ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ pín 2,000 sí méjì: obìnrin 100 sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan, ó di 10. Ti ọkùnrin, méjì tó, bí ibi ìtọ̀ tó ní ojú àgbàrá bá wà lọ́tọ̀. Ó kéré tán, kí ihò jìnnà sí kànga ní mítà 30, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má sì kan omi ilẹ̀. Ilẹ̀ wa kì í pẹ́ kan àpáta. Bí ọkọ́ bá ti dún gbànngàn nígbà tí ihò ṣì mọ ní orúnkún, ẹ má fipá wà á, ẹ háyà èyí tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn pèpéle láìsí iná. Tó bá fi máa di aago mẹ́jọ alẹ́, obìnrin kankan ò ní lọ síbẹ̀ mọ́, ẹ̀yìnkùlé onílé ló kàn. Ẹ fi àtùpà sí i, ẹ gbé korobá eérú ti ẹnu ọ̀nà kí wọ́n máa bù lé e (eṣinṣin ò fẹ́ràn eérú), kí ìyá kan sì jókòó tì í pẹ̀lú omi àti ọṣẹ. Kí ẹ sanwó fún un o, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́.

Ti omi: lítà márùn-ún fún ẹnì kan, mímu àti ìfọwọ́, ó di 10,000. Tánkì 5,000 méjì nìyẹn. Òru ni kí ẹ fa omi sí i, ní ọjọ́ méjì ṣáájú, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń pọn. Lọ́jọ́ náà gan-an, kí àlejò má dé ìdí kànga rárá.

Alásípíkà:
Ní gbangba, bí ẹ bá sọ jíjìnnà di ìlọ́po méjì, ariwo ń fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì (ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo) mẹ́fà dín kù. Tó bá jẹ́ 100 ní mítà 10, ó di 94 ní 20, 88 ní 40, 76 ní 160. Ẹ̀ka Yúróòpù ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 2009 sọ pé kí ìpíndọ́gba ariwo òru níta ilé má ju 40 lọ. Ẹ wò ó, gbígbé sípíkà kúrò láàárín ìlú nìkan kò lè ṣe é. Ẹ dín in kù, ẹ sì tètè pa á.

Dípò òkìtì sípíkà ńlá méjì, ẹ lo kékeré mẹ́fà sáàárín èrò, kí ojú wọn dà sílẹ̀ díẹ̀. Báàsì, ìró tó wúwo nínú orin, ló ń wọ inú yàrá la ògiri kọjá, ẹ pa á ní aago mẹ́wàá, kí orin dákẹ́ ní méjìlá. Ìdajì owó ni kí ẹ kọ́kọ́ fún DJ. Bó bá dákẹ́ lásìkò, ó gba ìyókù. Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ràn nìyẹn, kì í ṣe fìjìláńtì.

Dérébà Márosẹ̀:
Ti ibi ìgbọ́kọ̀sí: mọ́tò kan, pẹ̀lú àyè tó fi máa yí, ń gba bíi mítà onígun mẹ́rin (square metre) 25. Pápá bọ́ọ̀lù gidi, 105 sí 68, kò lè gbà ju 285 lọ. Oṣù kẹfà tí ọjọ́ iṣu bọ́ sí, ìgbà òjò ni: mọ́tò àkọ́kọ́ á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ìkẹwàá á rì. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹnu ìwọlé, ẹ fi katakata kan àti okùn ìfà sí tòsí. Ẹ fi àyè mítà mẹ́rin sílẹ̀ lójú ọ̀nà fún ọkọ̀ aláìsàn. Káàdì tí a lu òǹtẹ̀ ààfin ni kí onílé lẹ̀ mọ́ gíláàsì mọ́tò rẹ̀, kí á lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ti àlejò. Owó ọ̀kadà láti pápá dé ìlú, ẹ kọ ọ́ sára pákó kí ẹnikẹ́ni má yan àlejò jẹ.

Àgbẹ̀ Yàgbà:
Gbogbo rẹ̀ dára, àmọ́ ẹ má kó ìsọ̀ lọ sí pápá. Ẹni tí kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bínú sí ariwo. Ẹ fún onílé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kọ́kọ́ gba ìsọ̀, kí àjèjì tó bọ́ sí i. Ẹ lẹ àkọsílẹ̀ owó ọjọ́ náà mọ́ ògiri ààfin, títí kan ti àwọn tó gbálẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ọmọ Ìjùmú:
Ẹ ṣé púpọ̀. Alásípíkà, àpáta wà lẹ́yìn pápá wa gan-an, ìlú wà níwájú rẹ̀. Ibo ni sípíkà máa kọjú sí?

Alásípíkà:
Ẹ dábùú rẹ̀. Bó bá kọjú sí àpáta, ariwo á padà sínú ìlú. Bó bá kọ ẹ̀yìn sí i, ìlú ló ń pariwo mọ́ tààrà. Ojú ọ̀nà oko ni kó dojú kọ, kí àpáta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ dán an wò lọ́sàn-án ṣáájú, kí ẹnì kan lọ dúró sí ìta ilé tó sún mọ́ ọn jù lọ, kó máa fi fóònù sọ fún yín.